William Bradley Coley

William Bradley Coley (ọjọ́ 12 oṣù Kínní ọdún 1862 – ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1936) jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní baba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ nípa lílo ètò ààbò ara. Ìlú New York ni ó ti ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1891 ni ó ti ń gún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní abẹ́rẹ́ bakitéríà, kí ara wọn lè ru sókè, kí ó sì gbógun ti àrùn náà. Bakitéríà tó wà láàyè ni ó kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àpòpọ̀ bakitéríà tí a ti pa, èyí tí a mọ̀ sí oró Coley.

Àwọn kan lára àwọn aláìsàn rẹ̀ rí ìwòsàn, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àwọn mìíràn kò rí i, àwọn díẹ̀ sì kú nípasẹ̀ ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀. Coley kò lè ṣàlàyé bí oògùn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, oògùn náà kò dọ́gba láti ìgò kan sí èkejì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì kún tó. Nítorí àwọn ìdí wọ̀nyí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwádìí fi hàn pé ohun tó rí kì í ṣe àlá lásán.

Ìbí àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Coley ní ìlú Westport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Yunifásítì Yale ní ọdún 1884, lẹ́yìn náà ó fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Látìn àti Gíríìkì ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ó padà sí ìlà oòrùn, tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Harvard. Ó gba oyè dókítà níbẹ̀ ní ọdún 1888, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn New York Hospital.

Iṣẹ́ abẹ ń gòkè àgbà ní àkókò náà. Oògùn tí ń mú aláìsàn sùn kí abẹ tó dé ara rẹ̀ ti wà, ẹ̀kọ́ Joseph Lister nípa pípa kòkòrò àrùn lójú ọgbẹ́ sì ti ń tàn kálẹ̀. Àmọ́ ní ti àrùn jẹjẹrẹ, abẹ nìkan ni ohun ìjà tí àwọn dókítà ní. Wilhelm Röntgen kò tíì ṣàwárí ìtànṣán X, èyí tó ṣe ní ọdún 1895; kò sì sí oògùn kankan tí a lè fún aláìsàn láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Bí àrùn bá ti tàn kọjá ibi tí abẹ lè dé, kò sí ohun tó kù fún dókítà ju kí ó máa tu aláìsàn nínú lọ.

Ikú Bessie Dashiell

Ní ọdún 1890, wọ́n mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan wá sọ́dọ̀ Coley. Orúkọ rẹ̀ ni Elizabeth Dashiell, ṣùgbọ́n Bessie ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Ó ti fi ọwọ́ pa nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò, ọwọ́ náà wú, ìrora rẹ̀ kò sì lọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó hàn pé sàkómà ni, ìyẹn irú jẹjẹrẹ tó máa ń mú eegun, iṣan tàbí ẹran ara. Coley gé apá ọmọ náà nísàlẹ̀ ìgúnpá, ṣùgbọ́n àrùn náà ti tàn ká ara. Ní oṣù Kínní ọdún 1891, Bessie kú.

Ọmọ ọdún 29 ni Coley nígbà náà. Àwọn òǹkọ̀tàn ìṣègùn fohùn ṣọ̀kan pé ikú ọmọbìnrin yìí ni ó yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ti ṣe ohun gbogbo tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ ọ, láìfi àkókò ṣòfò, síbẹ̀ kò gba aláìsàn rẹ̀ là. Bessie tún jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ John D. Rockefeller kékeré, ọmọ ọlọ́rọ̀ oníṣòwò epo rọ̀bì. Nígbà tó yá, owó ìdílé Rockefeller di ọ̀kan lára ohun tó gbé ìwádìí jẹjẹrẹ ró ní New York.

Aláìsàn tí erysipelas mú

Lẹ́yìn ikú yìí, Coley lọ sínú àkọsílẹ̀ New York Hospital, ó sì yẹ ìwé àwọn aláìsàn sàkómà tí wọ́n ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn ni ó ti rí ọ̀rọ̀ Fred Stein, ọkùnrin kan tó ṣí wá láti Jámánì. Stein ní sàkómà ní ọrùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà bíi mélòó kan, kókó náà sì ń padà wá. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́.

Bó ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni erysipelas tún mú un. Erysipelas jẹ́ àrùn awọ ara tí bakitéríà Streptococcus pyogenes ń fà: awọ a pọ́n, a wú, a gbóná, ibà líle a sì mú aláìsàn. Ní sáà tí kò tíì sí oògùn apakòkòrò bíi pẹnisílínì, àrùn yìí a máa pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ibà náà ti ń mú Stein, bẹ́ẹ̀ ni kókó ọrùn rẹ̀ ń rọ. Nígbà tí ara rẹ̀ fi balẹ̀, kókó náà ti pòórá, wọ́n sì dá a sílẹ̀ láti máa lọ sílé.

Coley kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìwé. Ó wá ọkùnrin náà kiri láàárín àwọn ará Jámánì tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ìlú New York, títí ó fi rí i ní ọdún 1891. Nǹkan bí ọdún méje ti kọjá lẹ́yìn àìsàn náà. Àpá iṣẹ́ abẹ wà ní ọrùn Stein, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kò padà wá.

Coley kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kíyè sí irú nǹkan báyìí. Ní Jámánì, Wilhelm Busch ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1868, Friedrich Fehleisen náà sì ti fi bakitéríà erysipelas ran àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní àwọn ọdún 1880. Ohun tó ya Coley sọ́tọ̀ ni pé ó fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ìdánwò àkọ́kọ́

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Coley bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára ọkùnrin ará Ítálì kan tí àwọn ìwé ìtàn ń pè ní Zola. Kókó sàkómà wà ní ọ̀fun rẹ̀ àti ní ọrùn rẹ̀, kò lè jẹun dáadáa, kò sì lè sọ̀rọ̀ já gaara. Wọn kò retí pé yóò pẹ́ láyé. Coley gún un ní abẹ́rẹ́ Streptococcus tó wà láàyè léraléra. Ara aláìsàn náà ń gbóná díẹ̀, kókó náà ń rọ díẹ̀, ṣùgbọ́n erysipelas gan-an kò mú un.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Coley rí bakitéríà mìíràn tó lágbára jù, tó wá láti yàrá ìwádìí Robert Koch ní Jámánì. Lọ́tẹ̀ yìí, àrùn náà dé pẹ̀lú ibà líle, ó sì kù díẹ̀ kí ó pa aláìsàn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kókó ọrùn rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti ṣàn dànù. Ara Zola yá, ó sì gbé ọdún bíi mẹ́jọ sí i kí jẹjẹrẹ tó padà wá pa á.

Ìdánwò yìí kò rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn. Nínú àwọn tí Coley gún tẹ̀lé e, erysipelas kò mú àwọn kan rárá; àwọn kan wà tó mú wọn tí kókó wọn kò sì rọ; méjì nínú wọn kú nípasẹ̀ erysipelas tí dókítà fúnra rẹ̀ fi ràn wọ́n. Kò sí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí kankan nígbà náà tí yóò yẹ irú ìdánwò báyìí wò kí a tó ṣe é. Àwọn aláìsàn tí Coley ń tọ́jú jẹ́ àwọn tí abẹ kò lè ràn lọ́wọ́ mọ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ léwu. Ikú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ó pa lílo bakitéríà tó wà láàyè tì.

Oró Coley

Èrò tuntun tí Coley gbé kalẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí bakitéríà tó ti kú ṣe iṣẹ́ kan náà láìfi àrùn ran aláìsàn. Ó fi iná pa Streptococcus, ó sì fi bakitéríà mìíràn kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Bacillus prodigiosus nígbà náà, tí orúkọ rẹ̀ lónìí ń jẹ́ Serratia marcescens. Àpòpọ̀ méjèèjì ni oró Coley.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kínní ọdún 1893 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní oró yìí. Kókó ńlá kan wà ní ikùn rẹ̀, abẹ kò sì lè gbé e. Coley bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, ó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ara aláìsàn fi ń gbóná tó sì ń gbọ̀n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sílé. Ọdún 26 ni ó gbé láyé lẹ́yìn ìtọ́jú náà. Àrùn ọkàn ni ó sì pa á, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Bí ìtọ́jú Coley ṣe máa ń rí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ kan kì í tó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, inú kókó gan-an ni ó máa ń gún. Coley gbà pé bí ibà kò bá mú aláìsàn, oògùn kò tíì ṣiṣẹ́. Sàkómà ni àrùn tí ó máa ń gbọ́ ìtọ́jú náà jù. Jẹjẹrẹ inú awọ àti ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mìíràn kì í gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1899, ilé-iṣẹ́ oògùn Parke-Davis bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oró Coley fún títà, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì ń lò ó. Coley fúnra rẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Memorial àti ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Hospital for the Ruptured and Crippled, tí a mọ̀ sí Hospital for Special Surgery lónìí. Ní ilé ìwòsàn kejì yìí, ó tún gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìpá, pàápàá fún àwọn ọmọdé.

Àríyànjiyàn

Kò pẹ́ tí àtakò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1894, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà bu ẹnu àtẹ́ lu oró Coley. Ìdí pàtàkì tí àwọn alátakò ní ni pé bí dókítà mìíràn bá lo oògùn náà, kì í sábà rí irú àbájáde tí Coley ń ròyìn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ẹjọ́ àwọn alátakò nìkan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pèsè oró Coley lé ní mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń fi iná pa bakitéríà, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìgò, gbogbo rẹ̀ ń yí padà. Àwọn kan lágbára, àwọn mìíràn kò ju omi lásán lọ. Dókítà tó ra ìgò tí kò lágbára yóò gún aláìsàn rẹ̀, ibà kò ní mú un, kókó kò ní rọ, yóò sì sọ pé irọ́ ni Coley ń pa. Bákan náà, àwọn dókítà kan máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mélòó kan, wọ́n ń bẹ̀rù ibà náà. Coley fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé ètò kan ṣoṣo fún gbogbo aláìsàn, kò sì fi àwọn tó gba oògùn wé àwọn tí kò gbà á lọ́nà tó lè pa alátakò lẹ́nu mọ́.

Alátakò rẹ̀ tó lágbára jù ni James Ewing, onímọ̀ nípa àrùn ara tó di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn Memorial níbi tí Coley ti ń ṣiṣẹ́. Ewing gbà pé ìtànṣán ni ọjọ́ iwájú ìtọ́jú jẹjẹrẹ. James Douglas, oníṣòwò ìwakùsà tó jẹ́ alátìlẹ́yìn rẹ̀, fi owó àti rédíọ́ọ̀mù ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ. Kì í ṣe pé Coley kórìíra ìtànṣán. Òun náà wà lára àwọn dókítà àkọ́kọ́ tó lo ìtànṣán X fún sàkómà. Èrò rẹ̀ ni pé ibi tí ìtànṣán bá dé nìkan ló ń wò, nígbà tí oró máa ń dé gbogbo ara. Ṣùgbọ́n ìtànṣán ní ohun tí oró Coley kò ní: dókítà lè wọn iye rẹ̀, ó sì lè ṣe é bákan náà lónìí àti lọ́la. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó borí.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Alice Lancaster ni ìyàwó Coley. Ọmọ wọn ọkùnrin, Bradley Coley, di oníṣẹ́ abẹ bíi baba rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ jẹjẹrẹ eegun dunjú. Ọmọ wọn obìnrin ni Helen, tí wọ́n bí ní ọdún 1907.

Coley ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1936, ní ẹni ọdún 74. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn dókítà tó ń lo oró rẹ̀ ń dín kù. Oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dé ní àwọn ọdún 1940, ọkàn àwọn ènìyàn sì lọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1951, Parke-Davis ṣíwọ́ ṣíṣe oró Coley. Ní ọdún 1965, ẹgbẹ́ agbógunti jẹjẹrẹ ti Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ìtọ́jú tí kò ní ẹ̀rí.

Iṣẹ́ Helen Coley Nauts

Ẹni tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ Coley parun ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Helen Coley Nauts kì í ṣe dókítà, kò sì lọ sí yunifásítì. Nígbà tó fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé baba rẹ̀, ó rí àwọn lẹ́tà àti ìwé aláìsàn rẹpẹtẹ tí baba náà fi sílẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ́ èdè ìṣègùn fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà àti mọ̀lẹ́bí àwọn aláìsàn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe àkójọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn, ó sì fi ọ̀nà tí wọ́n gbà pèsè oró náà wé ohun tí ó ṣe fún wọn.

Ní ọdún 1953, òun àti oníṣòwò Oliver Grace dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí jẹjẹrẹ kan sílẹ̀ ní New York, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Cancer Research Institute. Owó 2,000 dọ́là tí Nelson Rockefeller fún wọn wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ti ran ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́ káàkiri ayé. Helen kú ní ọdún 2001.

Ohun tí ìmọ̀ òde òní sọ

Ọ̀nà méjì ni ètò ààbò ara ènìyàn pín sí. Èkíní ni ààbò àbímọ́, tó wà lára wa láti ìgbà tí a ti bí wa. Èkejì ni ààbò tí ara ń kọ́ bó bá ti ń bá àrùn pàdé, tó sì máa ń rántí ọ̀tá tó ti rí rí. A lè fi ààbò àbímọ́ wé alóre tó wà lórí odi ìlú. Alóre kì í mọ orúkọ ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó mọ ìrísí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Bó bá ti rí wọn, yóò fi àrokò ránṣẹ́, àwọn jagunjagun yóò sì jáde.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ìlú tó yapa ni. Nítorí náà alóre lè wò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá gún ẹ̀yà ara bakitéríà sí ibi tí jẹjẹrẹ wà, alóre a rí àjèjì, a fi àrokò ránṣẹ́, àwọn jagunjagun tó bá dé ibẹ̀ a sì lè bá ọ̀tá tó fara pamọ́ pàdé. Ibà tí Coley ń wá lára àwọn aláìsàn rẹ̀ jẹ́ àmì pé àrokò náà ti lọ.

Ìwádìí fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1943, Murray Shear àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ èròjà kan jáde lára Serratia marcescens tó ń mú kí kókó jẹjẹrẹ ṣẹ̀jẹ̀ lára eku. Ní ọdún 1975, Elizabeth Carswell, Lloyd Old àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde bí ó bá rí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀. TNF ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ Jules Hoffmann fi hàn pé ohun kan tó ń jẹ́ Toll ni eṣinṣin kékeré fi ń dá ara rẹ̀ bò lọ́wọ́ olú. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ Bruce Beutler fi hàn pé ìbátan rẹ̀ kan, TLR4, ni eku fi ń dá ẹ̀yà ara bakitéríà mọ̀. Àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2011 pẹ̀lú Ralph Steinman, ẹni tó ṣàwárí sẹ́ẹ̀lì tó ń gba àrokò lọ́wọ́ ààbò àbímọ́ tó sì ń gbé e fún ààbò tí ara ń kọ́.

Ní ọdún 2018, James Allison àti Tasuku Honjo gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí àwọn purotéènì tó dà bí ìjánu lẹ́nu jagunjagun ara. Oògùn tó ń tú ìjánu yìí ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ aláìsàn là. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í gbọ́ oògùn náà, nítorí pé jagunjagun kankan kò tíì dé inú kókó wọn, kò sì sí ìjánu tí a ó tú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi padà síbi tí Coley ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe fi ọwọ́ ara wọn mú kí alóre fi àrokò ránṣẹ́ kí wọ́n tó tú ìjánu. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ni ti STING, tó máa ń ké gbàjarè bí ó bá rí DNA níbi tí kò yẹ kí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìwádìí yìí kò tíì parí, nítorí pé àrokò tó bá pọ̀ jù lè ba ara jẹ́, èyí tó bá sì kéré jù kò ní ta jagunjagun jí.

BCG àti Nàìjíríà

Ìtọ́jú tó sún mọ́ ti Coley jù, tí a ṣì ń lò lóde òní, ni BCG. Àwọn òbí ní Nàìjíríà mọ orúkọ yìí dáadáa: abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a máa ń gún ọmọ tuntun ní apá òsì ni, tí àpá rẹ̀ sì máa ń wà lára títí ayé. Albert Calmette àti Camille Guérin ni wọ́n ṣe é ní Faransé, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn ní ọdún 1921. Bakitéríà tó wà láàyè tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1976, Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ròyìn pé bí a bá da BCG sínú àpò ìtọ̀ aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń dí jẹjẹrẹ tó wà lójú awọ inú àpò náà lọ́wọ́ láti padà wá. Àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1990, ó sì wà lára ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé títí di òní.

Ohun tó dá BCG sí, tí kò dá oró Coley sí, ni ọ̀nà ìpèsè tó ní ìlànà. Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ oògùn Nàìjíríà wà. May & Baker Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1944, wà ní òpópónà Sapara ní Ìkẹjà; Neimeth wà ní Orẹ́gùn; Swipha sì wà ní ọ̀nà Dópẹ̀mú ní Agége. May & Baker tún bá ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Biovaccines sílẹ̀ láti lè máa ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára nílẹ̀ yìí. Òfin NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, béèrè pé kí oògùn tí a pò lónìí bá èyí tí a pò lánàá dọ́gba, kí a sì lè tọpasẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan dé ọjọ́ tí a ṣe é. Ní ti oògùn tí a fi ohun abẹ̀mí ṣe, bíi abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí nira ju ti oògùn oníhóró lọ, nítorí pé ìyàtọ̀ kékeré nínú ooru tàbí àkókò lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oró Coley gan-an nìyẹn.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Èrò àwọn onímọ̀ nípa Coley kò ṣọ̀kan. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣíwájú àkókò rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé àìtó ètò nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó fa ìdádúró ìmọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn wò kọjá, ó sì wá aláìsàn kan kiri ìgboro láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà kan rí kò tíì di ìmọ̀, àfi bí ẹlòmíràn bá lè ṣe é kó rí bákan náà.

Ìtàn rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ibà tàbí àkóràn ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ìwọ̀nba ènìyàn ni irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Stein máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àkóràn nínú ara aláìsàn jẹjẹrẹ sì sábà máa ń yọrí sí ikú. Títí di òní, ohun tó ń gba ẹ̀mí là jù ni pé kí a tètè rí àrùn náà, kí a sì tètè gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Fún àwọn tí àrùn bá ti tàn kọjá ibi tí abẹ lè dé, gẹ́gẹ́ bí ti Bessie Dashiell, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá bí a ṣe lè jí ààbò ara dìde. Ojú ọ̀nà náà ni Coley ti lo ọdún 45.